Máníjà tí kì í gba ofatáìmù

Ọjọ́ tí wọ́n sọ mí di máníjà nílé ìtọ́jú tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Houston, mo pe màmá mi n'Íbàdàn. Mo ní wọn ò ka wákàtí fún mi mọ́, pé iye kan náà ni mo ń gbà. Àdúrà ni màmá mi ń gbà ṣáá lórí fóònù náà. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó ń gbowó oṣù ni òṣìṣẹ́. Ẹni tí wọ́n ń ka wákàtí fún, lébìrà ni.

Àǹtí kan, ará Ìjẹ̀bú, tá a jọ ń tọ́jú àwọn arúgbó, ló bi mí pé: "Ṣé o ṣírò ẹ̀ kó o tó fọwọ́ sí i?"

Mi ò ṣírò ẹ̀. Dọ́là 14 ni mò ń gbà tẹ́lẹ̀ ní wákàtí kan. Bí wákàtí bá ti kọjá 40 lọ́sẹ̀, òfin Amẹ́ríkà ní kí wọ́n san án ní ìlọ́po kan àtààbọ̀, ìyẹn dọ́là 21. Tí mo bá ṣe wákàtí 60, dọ́là 980 nìyẹn. Máníjà ń gba 800 lọ́sẹ̀, ì báà ṣe wákàtí 45, ì báà ṣe 70. Ẹni tí kò bá sì wá síṣẹ́ lóru, èmi ni mò ń dí àyè ẹ̀.

Òfin fàyè gbà á kí wọ́n má san ofatáìmù bí owó ọ̀sẹ̀ ẹni bá ti tó dọ́là 684, tí iṣẹ́ ẹni sì jẹ́ iṣẹ́ ọ̀gá lóòótọ́. Èmi tí mò ń pààrọ̀ pampers láago méjì òru, ọ̀gá ta ni mí? Ní July 2024, ìjọba gbé 684 yẹn lọ sí 844, ọ́fíìsì wa bá fi 44 kún tèmi. Nígbà tó di November, ilé ẹjọ́ kan ní Texas fagi lé e. Ọ́fíìsì yọ 44 wọn.

N'Íbàdàn, níbi tí mo ti ṣe ọ̀sílárì nọ́ọ̀sì ní ọsibítù aládàáni, ta ló ń ka wákàtí? Bí òjò bá ká ẹni tó fẹ́ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi mọ́ Òjòó, mo dúró nìyẹn. Mátírọ́ọ̀nù á ní, "O ṣeun, Olúwa á san án fún ẹ." Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà mọ ofatáìmù, kò kàn dárúkọ iye tí wọ́n máa san ni. Ṣùgbọ́n àwọn ẹbí aláìsàn á bu ìrẹsì fún mi, wọ́n á fi owó mọ́tò sí mi lọ́wọ́. Níbí, ọmọ bàbá kan tí mò ń tọ́jú fún mi ní súwẹ́tà nígbà Kérésì, ọ́fíìsì ní kí n dá a padà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo kọ̀wé pé kí wọ́n dá mi padà sídìí wákàtí. Mi ò tíì sọ fún màmá mi.