Bọ́tìnì Oníhò Mẹ́rin

Ẹ̀gbọ́n ni gbogbo ayé ń yìn nínú àwọn ọmọ mi méjèèjì. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró dáadáa lórí pẹ́ńsù. Ẹ gbé àwòrán kìnnìún síwájú rẹ̀, kìnnìún gan-an ni yóò yà, tòun ti irun ọrùn àti èékánná. Àwọn oníbàárà mi á ní, "Ayàwòrán lẹ bí yìí o!" Orí mi á wú, n ó tún fa ìwé mìíràn yọ lábẹ́ maṣíìnì kí wọ́n má baà rò pé ẹ̀ẹ̀kan péré ló ṣe é.

Àbúrò rẹ̀ ńkọ́? Ìwé tirẹ̀ kò ṣeé gbé jáde fún àlejò. Kò tíì pé ọmọ ọdún márùn-ún nígbà tó ya èèyàn kan tó fi ẹsẹ̀ mẹ́fà sí i. Mo ní, "Ta ni ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà yìí?" Ó ní, "Ó ń sáré ni." Mo rẹ́rìn-ín, mo fi bébà náà nu epo ara maṣíìnì. Ẹ má bínú sí mi, bí mo ṣe ṣe é nìyẹn.

(N kò ní dárúkọ wọn níbí. Wọ́n á dàgbà, wọ́n á rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á bá mi jà.)

Òṣogbo ni mo ti ń ránṣọ, lápá Ìgbọ̀nà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan lóṣù Keje ọdún tó kọjá, òjò ń rọ̀, iná ti lọ, èmi àti ọmọṣẹ́ mi ń fẹsẹ̀ wa maṣíìnì. Àbúrò yìí jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri, ó ti da gbogbo bọ́tìnì inú ike mi sílẹ̀. Ariwo wà lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n léèsì ìgbéyàwó ló wà lọ́wọ́ mi, ìyàwó sì fẹ́ gbé e lọ́jọ́ kejì. Mo ní n ó dá sẹ̀ríà fún un tí mo bá ṣe tán.

Nígbà tí mo máa bojú wẹ̀yìn, ọjà ti kún ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ti tẹ́ àjákù àńkárá ní ìlà ìlà bí ìsọ̀, ó fi àyè sílẹ̀ láàárín wọn kí èèyàn lè kọjá. Síìpù kan tó ti bàjẹ́ ni odò. Ó ṣí i sílẹ̀ lápá kan, ó ní ibẹ̀ ni odò ti fẹ̀. Àwọn bọ́tìnì ló ń ná ọjà. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ní kó fi wọ́n hàn mí.

"Àwọn oníhò mẹ́rin yìí, àgbàlagbà ni wọ́n. Ojú méjì, ihò imú méjì. Àwọn oníhò méjì, ọmọ ọwọ́ ni wọ́n. Ojú nìkan ni wọ́n ní, imú wọn ò tíì yọ."

"Kí ló dé tí ò tíì yọ?"

"Kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe? Wọn ò tíì ń jẹ ọbẹ̀."

Mo wá irú bọ́tìnì tí a máa ń lò sára kóòtù, èyí tí kò ní ihò lójú, tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ni okùn ń gbà. Mo fẹ́ wò ó bóyá òfin rẹ̀ á já. "Eléyìí ńkọ́, tí kò lójú tí kò nímú?" Kò tiẹ̀ rò ó. "Ó ń sùn. Ó ti dojú bolẹ̀." Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó gbé e sí ìdí ògiri níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ara mi rọ̀ pẹ̀sẹ̀. Sẹ̀ríà tí mo ti pinnu láti dá fún un, n kò rántí ẹ̀ mọ́.

Láàárín ìyẹn ni ọmọṣẹ́ mi nílò bọ́tìnì funfun kan fún ṣẹ́ẹ̀tì tísà kan tó ti fẹ̀yìn tì, oníbàárà mi àtọjọ́ pípẹ́. Ó na ọwọ́, ó mú oníhò mẹ́rin kan láàárín ọjà, ó rán an mọ́ ọn, ó gé òwú. Igbe ta! "Àǹtí ti mú Ìyá Ẹlẹ́ja lọ! Ta ló máa wá ta ẹja?" A rẹ́rìn-ín títí. A bẹ̀ ẹ́, a fún un ní bọ́tìnì mìíràn tó jọ ọ́, kò gbà. Ó ní ìyẹn kì í ṣe ìyá ẹlẹ́ja, àlejò ni, kò mọ iye tí wọ́n ń ta ẹja. Ìsọ̀ náà sì ṣófo títí wọ́n fi pe ìrun Àásárì tó kó ọjà rẹ̀ nílẹ̀.

Láti nǹkan bí aago kan ló ti jókòó sílẹ̀ níbẹ̀ o. Ọmọ yìí kan náà ni wọ́n kọ sínú ìwé èsì rẹ̀ nílé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi pé kì í fọkàn sí iṣẹ́, pé kò lè jókòó. N kò bá wọn jà. Iṣẹ́ tí wọ́n fún un ni kó fi kréyọ̀nì pupa kun tòmátì tí ẹlòmíràn ti yà sílẹ̀, kó má jẹ́ kó jáde kúrò nínú ìlà. Èmi náà, tí wọ́n bá fi ìyẹn ṣe iṣẹ́ òòjọ́ fún mi, máa sá lọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a ń pè ní àtinúdá, ohun tí èèyàn ti inú ara rẹ̀ dá sílẹ̀. Mo ti máa ń rò pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n, pé ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ bá mọ́ ló ní in. Ní báyìí, ohun tí mo máa ń wò ni bóyá ọmọ lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ nǹkan kí ó fún un ní iṣẹ́ mìíràn, bíi síìpù tó di odò, àti bóyá òfin tí ó ṣe fúnra rẹ̀ ń dè é. Òfin yẹn ló yà mí lẹ́nu jù. Ẹni tó ń ṣe ìranù lásán, bí ẹ bá ti bi í léèrè, á da nǹkan rú, á bọ́ sórí òmíràn. Èyí kò dà á rú. Ó wá ibi tí oorun máa wọ̀ sí nínú ìlú rẹ̀.

Ìyá ọkọ mi ò gbà. Wọ́n ní irọ́ ni ọmọ náà ń pa, pé kí n tètè fi ata sí i lẹ́nu. Àwa méjèèjì fà á díẹ̀, ní ọ̀wọ̀ ọ̀wọ̀. Mo ní, "Màmá, ẹni tó ń parọ́ ń wá nǹkan kan." Ó máa ń parọ́ gidi náà, ẹ má jẹ́ n tàn yín: tí ṣúgà bá ti dín, kò jẹ́ jẹ́wọ́ láé. Ojú ẹ̀ sì máa ń yàtọ̀ nígbà náà, á máa wo ẹsẹ̀ mi.

Ohun tó wá mú Màmá dákẹ́ ni àlọ́ tí wọ́n pa fúnra wọn. Àlọ́ Ìjàpá àti Yánníbo ni, èyí tí gbogbo wa mọ̀: Ìjàpá lọ gba àsèjẹ wá fún ìyàwó rẹ̀ tó ń wá ọmọ, ó tọ́ ọ wò lọ́nà, ikùn rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Ó wá ń kọrin padà lọ sọ́dọ̀ babaláwo, àwa sì ń gbè é, "Alugbinrin!" Ọmọ yìí ní kí wọ́n dúró. "Màmá Àgbà, òun nìkan kọ́ ló wà lọ́nà ni? Ta ló ń gbè é?" Màmá ní, "Ẹ̀yin náà kọ́ lẹ ń gbè é yìí?" Ó ní rárá, àwa ò sí níbẹ̀. Ó ronú díẹ̀. "Ọmọ inú ikùn rẹ̀ ni."

Ó lé ní àádọ́ta ọdún tí Màmá ti ń pa àlọ́ yẹn. Wọ́n wò mí, wọ́n wo ọmọ, wọ́n sì máa ń fi kún un báyìí nígbàkígbà tí wọ́n bá ń pa á. Wọn ò sọ ibi tí wọ́n ti rí i.

Ìlú tí a wà yìí ló tún jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìwé èsì yẹn máa dùn mí. Òṣogbo níbí ni Dúró Ládípọ̀, onítíátà, dá Mbárí Mbáyọ̀, ilé ẹgbẹ́ àwọn òṣèré àti oníṣẹ́ ọnà, sílẹ̀ lọ́dún 1962. Orúkọ yẹn gan-an, ẹ wò ó bí eré ọmọdé: Mbari, ọ̀rọ̀ Ìgbò ni, ti ẹgbẹ́ tó ti wà n'Ìbàdàn ṣáájú. Àwọn ará Òṣogbo gbọ́ ọ, wọ́n yí i lórí ahọ́n, ó di "bí mo bá rí i, mà á yọ̀." Àwọn tó sì wọ ibẹ̀ lọ kọ́ iṣẹ́ ọnà, kì í ṣe pé wọ́n kọ́ ọ níbì kan rí. Jimoh Buraimoh ló ń ṣètò iná fún eré Ládípọ̀. Òun ló wá gbé ìlẹ̀kẹ̀ tí a mọ̀ mọ́ adé ọba, ó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó ṣe àwòrán. Twins Seven-Seven tó di ayàwòrán níbẹ̀, ijó ló ń jó tẹ̀lé olóògùn kiri nígbà tó wọ̀lú. Ní 2005, UNESCO fi í joyè oníṣẹ́ ọnà fún àlàáfíà. Géńdé ni wọ́n nígbà náà, kì í ṣe ọmọ ọdún márùn-ún, mo mọ̀. Mo kàn máa ń ronú ohun tí wọ́n ì bá kọ sínú ìwé èsì ọmọ tó ń jó lẹ́yìn olóògùn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò tìtorí èyí di aláìnílárí lójú mi o. Ọwọ́ tó dúró, iṣẹ́ ńlá ni. Èmi tí mo ń gé aṣọ fún àwọn èèyàn mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ya ọjà bọ́tìnì náà fún àbúrò rẹ̀, ó jọ ọ́ gan-an, ìsọ̀, odò, gbogbo rẹ̀. Àbúrò wò ó, ó ní, "Ó dáa, ṣùgbọ́n wọn ò pariwo."

N kò tíì mú un lọ síbi ẹ̀kọ́ kankan. Ike kan ni mo yà sọ́tọ̀ fún un, bọ́tìnì tó ṣẹ́ kù, síìpù tó kú, róòlù òwú tó ṣófo, mo sì ṣíwọ́ bíbi í pé "kí lèyí?" bí ọlọ́pàá. N kò mọ ohun tó máa dà. Ó lè di télọ̀ bíi tèmi, ó lè máa ta ẹja.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni bàbá tísà yẹn mú ṣòkòtò wá pé kí n bá àwọn gé e kù. Ṣẹ́ẹ̀tì ọjọ́sí ló wà lọ́rùn wọn. Ọmọ mi kúnlẹ̀, "Ẹ káàsán sà." Kò dìde. Ó wo àyà bàbá, bọ́tìnì kẹta láti òkè. "Ẹ káàsán, Ìyá Ẹlẹ́ja."

Bàbá wò mí. Ìtìjú bò mí, mo yára ṣàlàyé díẹ̀. Wọ́n tẹ ọrùn wolẹ̀, wọ́n wo bọ́tìnì náà fún ìgbà díẹ̀, wọ́n tẹ́tí sí i.

"Ó ní kí n sọ fún ẹ pé ẹja ti tán," bàbá wí. "Ó ní kó o wá lọ́la."

"Ẹ bá mi sọ fún wọn," ni ọmọ mi dáhùn, "pé ṣéńjì mi ṣì wà lọ́wọ́ wọn."