Ìbejì Ni Gatsby

Ẹnu mi ló kó bá mi. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń fọ́nnu nínú ilé tí à ń gbé ní Alékúwodò pé fíìmù kan ń bọ̀ lálẹ́ Sátidé. The Great Gatsby ni, èyí tí Baz Luhrmann ṣe lọ́dún 2013, tí Leonardo DiCaprio ṣe Gatsby nínú ẹ̀. Tíṣà lítíréṣọ̀ ni mí, ìwé tí wọ́n ti yọ fíìmù ọ̀hún, tó ti jáde láti 1925, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ya mọ́ mi lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ìyàwó mi tó jẹ́ télọ̀ ò ní jókòó ti ìtàn òyìnbó lásán, ni mo bá gba ọ̀nà iṣẹ́ ẹ̀ wọlé sí i lára: "Aṣọ inú ẹ̀ gba Oscar o! Ilé àti ohun ọ̀ṣọ́ inú ẹ̀ náà gba tiẹ̀ lọ́tọ̀." Ó gbé ìwé tó fi ń ya sítáì dání wá.

Mo ti lọ bá ọmọkùnrin kan tó ń kó fíìmù sí fláàṣì nítòsí Ọláìyá. Ó ní, "Ṣé èyí tó dáa jù lẹ fẹ́, sà?" Èwo ni ìbéèrè! Ó fi igba náírà kún owó mi.

Nígbà tó di aago mẹ́jọ, pálọ̀ kún. Onílé wa, Ìyá Ìbejì, jókòó sórí àga tèmi gan-an. Mo ki fláàṣì bọ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, fíìmù bẹ̀rẹ̀, àwòrán là sí méjì. Lápá òsì, ọkùnrin kan ń sọ̀rọ̀. Lápá ọ̀tún, ọkùnrin yẹn náà ló ń sọ ọ̀rọ̀ yẹn náà. Àwọn méjèèjì rí tín-ín-rín bí ọ̀pá.

Mo gbá tẹlifíṣọ̀n létí. Méjì náà ni wọ́n. Ìyàwó mi yíjú wò mí. Ibi tó yẹ kí n ti sọ òótọ́ nìyẹn, àmọ́ ẹni tó ti fọ́nnu fún ọ̀sẹ̀ kan, ibo ló fẹ́ gbójú sí? Mo wúkọ́, mo ní, "Bí dírẹ́kítọ̀ yẹn ṣe máa ń ṣe tiẹ̀ nìyẹn. Iṣẹ́ ọnà ni."

"Rárá o, Tíṣà," Ìyá Ìbejì dáhùn, "ìbejì ni wọ́n."

Ẹni tó bí Táyé, tó bí Kẹ́yìndé, ta ni èmi tí màá bá a jiyàn? Gatsby yọ, ó rẹ́rìn-ín, ó gbé ife ọtí sókè: méjì. Daisy, obìnrin tí ọkàn Gatsby wà lọ́dọ̀ ẹ̀, méjì. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ aláwọ̀ yẹ́lò, méjì. Kódà iná aláwọ̀ ewé tí Gatsby máa ń dúró wò lódìkejì omi, tí mo fi ń yọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lẹ́nu lọ́dọọdún pé kí wọ́n sọ ìtumọ̀ ẹ̀, òun náà di méjì, ó wá dà bí ojú ológbò lóru. Ìyá Ìbejì mi orí: "Àbí Igbó-Ọrà ni wọ́n ti lọ ya fíìmù yìí ni?"

Ọkàn mi wà níbi tí Gatsby ti ń ju ṣẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ látòkè, tó ń rọ̀ lé Daisy lórí bí òjò, tí ìyẹn fi bú sẹ́kún. Mo ní ibẹ̀ ni yóò gbà mí sílẹ̀. Ìyàwó mi súnmọ́ tẹlifíṣọ̀n, ó wò ó títí. "Bàbá Ṣadé, èjìká ṣẹ́ẹ̀tì yìí ò ju ìka mẹ́rin lọ. Ta ló fẹ́ wọ̀ ọ́?" Ó pa ìwé ẹ̀ dé.

Ìgbà tí wọ́n wá yìnbọn fún Gatsby níbi adágún tó ti ń lúwẹ̀ẹ́, Ìyá Ìbejì figbe ta. "Àwọn méjèèjì! Lẹ́ẹ̀kan náà! Yéè, Ẹ̀jìrẹ́ ará Ìṣokùn!" Ó ń fi etí gèlè nu ojú. Bẹ́ẹ̀ nínú ìwé yẹn, èèyàn bíntín ló yọjú síbi ìsìnkú Gatsby.

Ìgbà yẹn ni ọmọ ará yàrá kejì, tó ti ń wò wá lójú fèrèsé látàárọ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ wá là á lẹ́nu: "Ẹ má bínú, sà, 3D ni wọ́n fún yín. Tẹlifíṣọ̀n tiẹ̀ àti awò tiẹ̀ ni wọ́n fi ń wò ó, á wá pa pọ̀ di ẹyọ kan."

Ó ti lé ní wákàtí méjì tá a ti wà lórí ìjókòó.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Ìbejì kanlẹ̀kùn. Abọ́ ẹ̀wà ló gbé dání, epo ń dán lórí ẹ̀. Ó ní ti àwọn ìbejì tó kú sómi ni. Mo bẹ̀rẹ̀ àlàyé pé ẹyọ kan ṣoṣo ni Gatsby, pé fláàṣì ló...

"Tíṣà, ojú mi ò fọ́."

Mo gba ẹ̀wà. Ìyàwó mi ò kúkú dáná.