Agolo Tí Mo So Mọ́ Ọgbà

Ẹni tí ó kọ́kọ́ kó bá mi ni Miroslav Tichý, ayàwòrán ará Kyjov ní orílẹ̀-èdè Czech, tí ó fi páálí àti agolo ṣe kámẹ́rà fúnra rẹ̀, tí ó sì fi ọṣẹ ìfọyín àti eérú sìgá dán ojú lẹ́ǹsì rẹ̀. Orí rẹ̀ ni mo ti bọ́ sórí Regina Valkenborgh, tí ó tẹ́ bébà fọ́tò sínú agolo ọtí ní ọdún 2012, tí ó so ó mọ́ ibùdó ìwòràwọ̀ Yunifásítì Hertfordshire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tí wọn yóò fi rí i ní ọdún 2020, oòrùn ti fa ìlà 2,953 sára bébà náà.

Mo ní ṣé agolo ló wọ́n ní Ìbàdàn ni?

Mo fi abẹ́rẹ́ lu agolo mílíìkì, mo tọrọ bébà fọ́tò àtijọ́ lọ́wọ́ àgbà ayàwòrán kan, mo tì í bọ inú agolo náà nínú òkùnkùn, mo sì fi téèpù dúdú wé e kí òjò má baà wọ̀ ọ́. Nígbà tí n kò rí okùn, òwú pupa ni mo fi dè é mọ́ òpó ọgbà, mo kọjú rẹ̀ sí ìwọ̀-oòrùn. Oṣù Èrèlé ni.

Ní ọjọ́ kọkànlélógójì, Ìyá Ṣadé, tí ilé rẹ̀ wà ní ìwọ̀-oòrùn wa, fi gèlè gbàjá, ó dúró sí ẹnu ọ̀nà.

“Bùrọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo fi ṣe yín? Láti ọjọ́ tí ẹ ti so nǹkan yìí kọjú sí mi ni orúnkún ti ń dùn mí.”

Mo ní fọ́tò ni mo ń yà. Ó ní fọ́tò ta ni? Mo ní ti oòrùn. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́.

Bàbá onílé ní kí n tú u. Mo bẹ̀bẹ̀ pé kò gbọdọ̀ rí ìmọ́lẹ̀.

“Ẹ ò gbọ́ nǹkan!” Ìyá Ṣadé sún sẹ́yìn. “Ó ní kò gbọdọ̀ rí ìmọ́lẹ̀!”

Ọ̀bẹ ni Bàbá fi la téèpù náà. Bébà ti di àwọ̀ àlùkò, ìlà gbọọrọgbọọrọ sì tò sí ara rẹ̀. Bàbá wo bébà, ó wò mí, ó ní: “Gọ̀ǹbọ́ nìyí. Ta lo ń kọ nílà?” Kí n tó la ẹnu, oòrùn ọ̀sán ti bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn ìlà náà rẹ́ lójú wa, gbogbo èrò sì fọ́nká.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, Bàbá onílé rọra kan ilẹ̀kùn mi. Ó ní láti ìgbà tí mo ti so nǹkan yẹn, kò sí ọmọ aráyé tó fọwọ́ kan máńgòrò òun, àwọn ọmọ Ìyá Ṣadé pàápàá kò gba ibẹ̀ kọjá mọ́. Ó yọ agolo mílíìkì kan jáde lábẹ́ agbádá, ó ti fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, ó sì ní kí n má ṣe gbàgbé òwú pupa.