Tudun Wada Wo?

Alẹ́ Sọ́ńdè kan ni mọ́mì mi pè mí láti Ìlọrin, wọn ò tiẹ̀ jẹ́ kí n kí wọn tán, wọ́n ní, "Ṣé o ti gbọ́ látọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ? Tudun Wada ń jó o, wọ́n ń pa èèyàn báyìí!" Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin àti ọkọ wọn àtàwọn ọmọ ń gbé Tudun Wada ní Kàdúná, Kúbwà ní Àbújá lèmi wà níbí. Mo pè wọ́n, kò wọlé, mo tún pè, kò wọlé, mo pe ti ọkọ wọn, ìyẹn náà ò wọlé, àyà mi já pátápátá.

Mo ní kí mọ́mì fi ohun tí wọ́n rí ránṣẹ́ sí mi. Fídíò ni, kò tó ìṣẹ́jú kan, ọjà kan ń jó, àwọn èèyàn ń sá, ẹnì kan wá gba ohùn lé e pé Tudun Wada rèé o. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti ń tọpa ìjà àti ogun káàkiri ayé látinú àwọn nǹkan tó wà ní gbangba, fídíò, ìròyìn, àwòrán sátẹ́láìtì, dátà tí wọ́n gbé síta lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹnikẹ́ni ò sanwó fún mi lórí ẹ̀ o, mo kàn gbà pé ẹni tí wọ́n bá pa, ó yẹ kí ẹnì kan kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì kọ ibi tí wọ́n ti pa á, kó má ṣì í kọ.

Mo ń dá fídíò yẹn dúró díẹ̀díẹ̀. Níbi sẹ́kọ́ńdì kẹrìnlá, èéfín ṣí díẹ̀, mo rí pátákó ṣọ́ọ̀bù kan, mo fẹ̀ ẹ́, QUINCAILL ni mo rí kà, èéfín bo ìyókù. Faransé ni, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ síwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ìṣó àti páànù nìyẹn. Ta ló máa kọ Faransé síwájú ṣọ́ọ̀bù ní Kàdúná? Mo gé ibẹ̀ jáde, mo fi àwòrán ẹ̀ wá a lórí Google, ó ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Mo pe mọ́mì, mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, kì í ṣe Kàdúná rárá. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi tó pè mí padà, wọn ò níná láti Fúráìdè, bátìrì fóònù àwọn méjèèjì ló kú.

Àmọ́ ká tiẹ̀ ní òótọ́ ni fídíò yẹn, Tudun Wada wo? Kàdúná ní, Zaria ní, Kano ní, kódà ní ìpínlẹ̀ Kano ìjọba ìbílẹ̀ kan wà tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Sabon Gari náà ńkọ́, tó wà ní ìlú tó pọ̀ lókè Ọya? Ẹni tó jókòó sí ìlú òyìnbó tó ń ka ìròyìn wa lè gbé òkú Zaria lọ sí Kano láìmọ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn bí àwọn ACLED, àjọ tó ń kọ ìjà àti ìkọlù káàkiri ayé sílẹ̀, ṣe ń ṣe tiwọn. Tiwọn lórí Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ láti 1997, ìlà kọ̀ọ̀kan ló ní ọjọ́, ta ló bá ta jà, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, iye tó kú, ibi tí wọ́n ti gbọ́ ọ, wọ́n wá ní kọ́lọ́ọ̀mù kan tó ń sọ bí ibẹ̀ ṣe dá wọn lójú tó. 1 túmọ̀ sí pé wọ́n mọ ìlú náà gan-an, 3 túmọ̀ sí pé agbègbè ńlá nìkan ni wọ́n mọ̀. Àwọn UCDP, àwọn tó ń kó dátà ogun jọ ní yunifásítì Uppsala ní Sweden, ń ṣe ohun tó jọ ọ́ fún iye òkú, iye mẹ́ta ni wọ́n máa ń kọ, èyí tó kéré jù, èyí tó pọ̀ jù, àtèyí tí wọ́n gbà pé ó sún mọ́ òótọ́ jù. Àwọn tó ń gbé e kiri máa wá mú ẹyọ kan ṣoṣo, wọ́n á máa fi jà lórí Twitter. Ó máa ń dùn mí gan-an.

Sátẹ́láìtì náà ń ṣiṣẹ́ ribiribi, ṣùgbọ́n ó gba sùúrù. NASA ní máàpù kan, FIRMS, ọ̀fẹ́ ni, ó ń fi ibi tí iná ti ń jó hàn láàárín wákàtí díẹ̀, òun làwọn èèyàn fi ń rí àwọn abúlé tí wọ́n ń sun ní Darfur látìgbà tí ogun Sudan ti bẹ̀rẹ̀ ní April 15, 2023. Ẹ wá ṣí i ní January kẹ́ ẹ wo apá ọ̀dọ̀ wa, pupa ni gbogbo ẹ̀ máa rí, Benue, Níger, Kàdúná, àwọn àgbẹ̀ ló ń sun igbó nínú ọyẹ́! Ẹni tó bá pe gbogbo ẹ̀ ní ìkọlù ti purọ́ mọ́ àwọn àgbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá abúlé ni wọ́n sun, orí òrùlé ni kẹ́ ẹ wò. Nígbà tí Boko Haram kọlu Baga ní Borno lọ́dún 2015, táwọn oníròyìn ò lè wọ ibẹ̀, Amnesty, àjọ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ èèyàn, gbé àwòrán January 2 àti ti January 7 sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ilé tó lé ní 3,700 ló bàjẹ́ tàbí tó jóná ní Baga àti Doron Baga. Èyí tó tún wọ̀ mí lára jù ni ti Cameroon, fídíò tó jáde lọ́dún 2018 táwọn sójà ti yìnbọn pa obìnrin méjì àti ọmọ wọn méjì, ìjọba ibẹ̀ kọ́kọ́ ní irọ́ ni, làwọn BBC Africa Eye, àwọn oníròyìn BBC tó ń tú àṣírí nǹkan ní Áfíríkà, bá mú òkè tó wà lẹ́yìn nínú fídíò, wọ́n fi wé òkè orí Google Earth títí wọ́n fi bá a ní Zelevet, lẹ́bàá ààlà wa, wọ́n tún fi òjìji àwọn sójà yẹn mọ̀ pé ìparí March sí ìbẹ̀rẹ̀ April 2015 ni. Lọ́dún 2020 ilé ẹjọ́ rán sójà mẹ́rin lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Òkè àti òjìji ló jẹ́rìí!

Ibi tí ò sí fídíò ńkọ́? Ní September 2021 ìjọba ní kí wọ́n pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní gbogbo Zamfara torí àwọn agbébọn. Ẹni tó bá wo dátà oṣù yẹn gbọ́dọ̀ rántí pé ẹni tí ò lè pe ìta, ìròyìn tiẹ̀ ò lè jáde.

Mai ruwa tó ń gbé omi wá fún wa ní Kúbwà, Zamfara ló ti wá, àsìkò yẹn ni wọ́n pa àbúrò ẹ̀. Mo wá orúkọ abúlé wọn nínú gbogbo dátà tí mo ní, mo kọ ọ́ lọ́nà mẹ́ta torí òun náà ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́, mi ò rí i. Mo ṣí Google Earth lórí fóònù, mo bẹ̀rẹ̀ láti Gusau, ó ní kí n máa tẹ̀ lé odò, ká kọjá àpáta kan, ká yà sọ́wọ́ òsì. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì ọwọ́ ẹ̀ sílẹ̀, ó nu ìka ẹ̀ sára aṣọ, ó wá ń tọ ọ̀nà láti mọ́ṣáláṣí lọ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dúró lórí òrùlé kan.

"Ga gidanmu," ó ní. Ilé wa rèé.

Mo kọ nọ́ńbà tó ń tọ́ka ibẹ̀ lórí máàpù sílẹ̀, àtorúkọ àbúrò ẹ̀. Níwájú ibi tí mo ti ń kọ bó ṣe dá mi lójú tó, mo kọ 1.