Tẹ́tẹ́ Kò Dùn Mọ́, Síbẹ̀ Ó Ń Fà Wọ́n

Ẹni tó bá kọjá níwájú ilé tẹ́tẹ́ ní Mọ́kọ́lá tàbí Dùgbẹ̀ nílùú Ìbàdàn sábà máa ń sọ pé ọ̀lẹ ni àwọn ọ̀dọ́ tó wà níbẹ̀, pé adùn tí wọ́n ń rí níbẹ̀ ló ń jẹ́ kí wọ́n máa kó owó oúnjẹ wọn dà síbẹ̀. N kò fara mọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ àwọn tí tẹ́tẹ́ ti di bárakú fún ni kò gbádùn rẹ̀ mọ́, àwọn onímọ̀ nípa ọpọlọ sì ti ṣàlàyé bí ó ṣe ń rí bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1954, James Olds àti Peter Milner, ní Yunifásítì McGill ní Kánádà, ki wáyà tín-ín-rín bọ ọpọlọ eku, wọ́n sì ṣètò rẹ̀ débi pé bí eku náà bá ti tẹ ọ̀pá kékeré kan, iná mànàmáná díẹ̀ yóò ta sí ibi tí wáyà náà dé. Ńṣe ni eku ń tẹ̀ ẹ́ léraléra. Fún ìgbà pípẹ́ ni àwọn èèyàn fi gbà pé ibùjókòó ìgbádùn ni wọ́n rí, pé dopamine, ọ̀kan lára àwọn kẹ́míkà tí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ síra wọn, tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni kẹ́míkà adùn.

Kent Berridge àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Michigan ló yí èrò yìí padà. Wọ́n mú dopamine kúrò nínú ọpọlọ àwọn eku kan, ó kù díẹ̀ kó tán pátápátá, àwọn eku náà kò sì fọwọ́ kan oúnjẹ mọ́, bó tilẹ̀ wà níwájú wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n kán omi ṣúgà sí wọn lẹ́nu, wọ́n ń pọ́nnu lá bí eku tí ara rẹ̀ dá. Adùn ṣì wà, ohun tó ń fa ẹranko lọ sídìí rẹ̀ ni kò sí mọ́. Lára ẹni tí nǹkan ti di bárakú fún, òdìkejì rẹ̀ ló ń ṣẹlẹ̀: ohun náà ń fà á lójoojúmọ́, adùn rẹ̀ sì ń dín kù.

Wolfram Schultz, onímọ̀ nípa ọpọlọ mìíràn, rí i lára ọ̀bọ pé àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń tú dopamine jáde máa ń ta kìjí bí omi èso bá dé láìròtẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọ̀bọ bá ti mọ̀ pé iná kan ń tàn kí omi náà tó dé, iná yẹn ni wọ́n á máa ta kìjí sí. Ohun tí kò dájú ni tẹ́tẹ́ ń tà. Kódà nígbà tí ó bá kù díẹ̀ kí èèyàn jẹ, tó ń sọ pé géèmù kan péré ló já tíkẹ́ẹ̀tì òun, ọpọlọ lè gbà á bí ẹni pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀.

Ẹ̀rí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ti àwọn tó ní Parkinson, àìsàn ọpọlọ tó ń mú kí ọwọ́ gbọ̀n, kí ara sì le, nítorí pé dopamine wọn ti dín kù. A máa ń fún wọn ní oògùn tó ń ṣe bíi dopamine, àwọn kan nínú wọn, àgbàlagbà tí kò ta tẹ́tẹ́ rí, sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta á, títí dókítà fi dín oògùn náà kù tàbí pààrọ̀ rẹ̀. Ta ni yóò pe irú wọn ní ọ̀lẹ?

Nítorí náà, ìyá tó bá mú ọmọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn dókítà àìsàn ọpọlọ ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Ìbàdàn, kò ṣe ohun ìtìjú. Ariwo góòlù láti ṣọ́ọ̀bù kan ṣì lè fa ẹni tó ti jáwọ́ fún ìgbà pípẹ́, nítorí náà kí àwọn ará ilé bá a gba káàdì báńkì rẹ̀ pamọ́, kí ó yọ ètò tẹ́tẹ́ kúrò lórí fóònù rẹ̀, kí ó sì máa gba ọ̀nà mìíràn délé.