Mo dẹ́bi fún Coelophysis láìwo eegun

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ nípa eegun àtijọ́, ọdún kejì tí mo dé ẹnu iṣẹ́ yìí ni wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ nípa Coelophysis níwájú kíláàsì. Mo ní dáínósọ̀ yìí rorò débi pé ó ń pa ọmọ ara rẹ̀ jẹ. Kíláàsì pariwo. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni olùkọ́ mi bi mí: "Ṣé o ti wo eegun tó wà nínú ikùn rẹ̀?" N kò wò ó. Inú ìwé ni mo ti kà á.

Ní 1947, George Whitaker, tó ń bá Edwin Colbert, onímọ̀ nípa eegun àtijọ́, ṣiṣẹ́, rí eegun ní Ghost Ranch, ní ìpínlẹ̀ New Mexico ní Amẹ́ríkà. Bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ẹ ni òmíràn ń yọjú, òkú Coelophysis lórí òkú Coelophysis, ọrùn ọ̀pọ̀ wọn ká sẹ́yìn. Ó ti lé ní mílíọ̀nù 200 ọdún tí wọ́n ti wà nílẹ̀. Wọ́n gé àpáta náà ní ègé ńlá-ńlá, wọ́n fi POP dì í bí ẹni di ẹsẹ̀ tó kán, wọ́n kó o lọ sí mùsíọ́mù. Colbert rí eegun wẹ́wẹ́ níbi ikùn àgbà kan, ó ní ọmọ Coelophysis ni. Onímọ̀ ńlá ni, mo bọ̀wọ̀ fún un dòní. Bóyá ìyẹn gan-an ló mú kí ọ̀rọ̀ náà pẹ́ lẹ́nu wa.

Ní 2006, Sterling Nesbitt àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ padà sídìí eegun yẹn. Wọ́n yẹ ìrísí rẹ̀ wò, wọ́n rẹ́ díẹ̀ nínú rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n wò ó lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Eegun ìbátan ọ̀nì ni, ẹranko kékeré tí Coelophysis náà jẹ, kì í ṣe ọmọ rẹ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Èmi ò tilẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kankan.

Látìgbà náà ni mo ti ń jókòó ti àpáta pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àti búrọ́ọ̀ṣì. Eegun ẹsẹ̀ Coelophysis ní ihò nínú bí ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ. Ihò inú eegun ni Edward Cope, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, wò mọ́ ọn lára tó fi fún un lórúkọ ní 1889. Ẹranko tó gùn tó mítà mẹ́ta, síbẹ̀ tí ọwọ́ bá wúwo díẹ̀, eegun á fọ́. Níbi tí òkú ti gùn orí òkú báyìí, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa bóyá inú ìhà ni eegun kékeré wà, àbí òkú náà kàn tẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ ìhà ni.

Mo padà lọ tọrọ ìṣẹ́jú márùn-ún lọ́wọ́ kíláàsì. Púpọ̀ nínú wọn ti gbàgbé ohun tí mo sọ. Ọmọbìnrin kan kò gbàgbé: ó ti kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, ó sì fi bírò pupa fàlà sí i nídìí. Àwa méjèèjì la jọ pa á rẹ́.