Okùn Ìwé ní Yàrá Ìkàwé: Àbámẹ́ta Kẹfà

Ọwọ́ mi ṣì ń rùn àbẹ́là bí mo ṣe ń kọ èyí, nítorí pé láti aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni mo fi ń rán ìwé lónìí. Nínú yàrá ìkàwé ilé-ẹ̀kọ́ tí à ń tún ṣe ní Àbámẹ́ta-Àbámẹ́ta, a ti kun ògiri tán, fèrèsé ti ní nẹ́ẹ̀tì, tábìlì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì kò sì mì mọ́. Àwọn ìwé pẹlẹbẹ nìkan ló kù, àwọn náà ló gba gbogbo ọjọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Ẹ ó rántí pé ní Àbámẹ́ta kẹta, mo kọ ọ́ síbí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í yá ìwé Yorùbá nítorí pé wọn kò ka èdè wọn sí. Mo kó ọ̀rọ̀ yẹn jẹ. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo dúró síwájú pẹpẹ ìwé bí akẹ́kọ̀ọ́ tó wá wo ohun tí yóò yá, n kò sì rí ìwé Yorùbá kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ 37 ló wà níbẹ̀. Ìwé eré onítàn àti ìwé àlọ́ tí wọn kò nípọn rárá ni ọ̀pọ̀ jù nínú wọn. Wáyà méjì péré ni wọ́n fi dì wọ́n láàárín, wọn kò sì ní ẹ̀yìn tí a lè kọ orúkọ sí. Nọ́ńbà ìtòwé Dewey fún lítíréṣọ̀ Yorùbá, 896.333, kò lè jókòó sórí ohun tí kò fẹ̀ ju igi ìṣáná lọ. Bí a bá ti ki irú ìwé bẹ́ẹ̀ sáàárín àwọn ìwé físíìsì ẹlẹ́yìn líle, a ti sin ín nìyẹn.

Ohun tí mo kọ́kọ́ pinnu ni pẹpẹ onígi tí ìwé yóò ti kọjú sí ènìyàn. Mo lọ sí ọjà pákó ní Bódìjà, mo ra arẹ̀rẹ̀ nítorí pé ó fúyẹ́, kì í sì í yọ ayùn lẹ́nu. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣe irú rẹ̀, ẹ má ṣe gba pákó tútù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó tà á fún mi búra pé ó ti gbẹ, ṣùgbọ́n kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ó ti lọ́ bí ètè ẹni tí inú ń bí. Pákó gbígbẹ máa ń dún ko bí a bá fi ìka kàn án. Bí ẹni gbá iṣu sísè ni tèmi dún, mo sì rà á bẹ́ẹ̀. Mo fi ìṣó fà á tọ́, mo to ìwé sí i. Ní ọjọ́ kejì gbogbo wọn ti tẹ̀ ní ìbàdí, wọ́n sì ti ṣubú. Mo fi páálí tì wọ́n lẹ́yìn, wọ́n ṣubú. Mo ta rọ́bà dí wọn níwájú, rọ́bà gé èèpo ìwé méjì.

Àárín ìyẹn ni mo wà tí ọmọbìnrin kan ní kíláàsì kejì, tó ń bá wa gbálẹ̀, fi mú ọ̀kan nínú àwọn tó ṣubú, tó ṣí i láàárín, tó sì gbé e gun okùn tí mo ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé fún àkísà, bí ẹni sá aṣọ. Ó ní, “Ẹ wò ó sà, kò lè ṣubú mọ́.” Bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ń pàtẹ ìwé ewì pẹlẹbẹ lọ́jà ní àríwá-ìlà-oòrùn Bùràsíìlì, cordel tí wọ́n ń pe àwọn ìwé náà, láti ara okùn ló ti wá. Èmi tí mo mọ ìyẹn ni mo lọ ń ra pákó! Mo tú pẹpẹ náà, mo sì sọ igi rẹ̀ di òpó méjì fún okùn.

Wàhálà mìíràn sì dé. Wáyà àárín ìwé ti dípẹtà, ibi tó dípẹtà sì ń ya bí ìwé bá ti gun okùn. Mo fi ẹnu ọ̀bẹ yọ wáyà, mo fi òòlu tí mo yá lọ́wọ́ aránbàtà lu ihò mẹ́ta sójú ìṣẹ́po, mo sì fi àbẹ́là pa òwú kó má baà máa tú. Abẹ́rẹ́ á ti inú jáde ní ihò àárín, á ti ìta wọlé ní ti òkè, á fo àárín, á jáde ní ti ìsàlẹ̀, kó tó padà wọlé ní àárín. Kí òwú gígùn tó wà nínú sì wà láàárín ẹnu òwú méjèèjì kí a tó so ó. Èèpo tó ya ni mo fi ẹ̀kọ láfún lẹ̀, irú èyí tí àwọn aládìrẹ ẹlẹ́kọ ń lò, ṣùgbọ́n n kò fi álọ́ọ̀mù tí wọ́n máa ń pò mọ́ ọn sí tèmi, nítorí pé álọ́ọ̀mù máa ń sọ bébà di kíkan, tí yóò sì máa fọ́ lọ́jọ́ iwájú.

Mo rán 11 lónìí, ó ku 26. Kí n tó palẹ̀ mọ́, ọmọbìnrin yẹn ti yá ìwé àlọ́ kan, ó sì fi pẹ́ẹ̀gì há orúkọ rẹ̀ sí àyè rẹ̀ lórí okùn. Okùn náà ti ń sọ̀ láàárín; màá fi òpó kẹta sí i ní Àbámẹ́ta tó ń bọ̀, bí pákó tó kù bá ti gbẹ.